Báwo la ṣe lè máa he ìgbín igbó láì jẹ́ kó tán?

Ìjẹ̀búIgbó_lókè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìgbín tó ń wọ ọjà láti ẹ̀bá igbó J4 (ní Omo Forest Reserve, ìpínlẹ̀ Ògùn) ti ń kéré sí i. Àwọn kan ní òjò ló fà á, àwọn kan ní a ti ń he é jù. Ṣé ká fi kékeré sílẹ̀ nìkan ti tó? Oṣù wo ló yẹ ká dáwọ́ dúró?

Àgbẹ̀_Òkè: Kékeré nìkan kò tó. Ẹ má fi ojú wọn ọ́n, ẹ fi àtàǹpàkò kan etí ìkarahun níbi ẹnu. Tó bá ṣì tinrin bí èèpo àlùbọ́sà, kò tíì tó yé. Tó bá nípọn, tó le, àgbà ni. Ìgbín ńlá tiwa (Archachatina marginata) ń lò tó oṣù 10 sí 12 kó tó yé, ẹyin rẹ̀ kò sì pọ̀: 4 sí 18 lẹ́ẹ̀kan. Inú ilẹ̀ ló ń ri wọ́n sí, ó tó nǹkan bí ọjọ́ 40 kí wọ́n tó di ọmọ. Ẹni tó bá kó gbogbo àgbà níbì kan ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ẹyin ọdún náà ló kó.

Ohun kan tún wà tí a kì í rò. Akọ àti abo wà lára ìgbín kan, síbẹ̀ ó sábà máa ń nílò ẹlòmíràn láti gùn. Ìgbín kì í rìn jìnnà. Tí wọ́n bá ti fọ́nká jù, wọn ò ní pàdé, igbó yóò sì dà bíi pé ìgbín kò sí níbẹ̀ rí. Nítorí náà ẹ fi àgbà díẹ̀ sílẹ̀ nítòsí ara wọn.

Rẹ́mọ_kòkó: Mo gbà, àmọ́ ẹni tó ń jẹun nídìí rẹ̀ kò lè jókòó sílé láti oṣù kẹrin dé oṣù keje, ìgbà òjò tí ìgbín ń yé. Ẹ pín igbó sí mẹ́ta, kí ìdá kan sinmi lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má hú èyí tó ti fi awọ funfun dí ẹnu ìkarahun, ẹ má sì dáná sungbó: iná a jó ìgbín, a tún jó ewé jíjẹrà tí ó ń fi ara pamọ́ sí.

Ẹ ṣọ́ra fún ìgbín abẹ́ kòkó. Oògùn aláwọ̀ búlúù tí a ń fọ́n kí kòkó má baà dúdú jẹrà, bàbà ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń pa ìgbín. Àkókò òjò kan náà ni fífọ́n oògùn àti híhe ìgbín bọ́ sí. Oko tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n oògùn sí, ẹ má he ìgbín rẹ̀ jẹ.

Ìjẹ̀búIgbó_lókè: Ẹ ṣeun púpọ̀. Èyí tí etí rẹ̀ tinrin ńkọ́, ibo la ó dá a padà sí?

Àgbẹ̀_Òkè: Ibi tí ẹ ti mú un gan-an, ní alẹ́ yẹn náà, lábẹ́ ewé tútù. Ẹ má jù ú: etí tó bá ya ló máa kọ́kọ́ tún ṣe kó tó máa dàgbà lọ.