Ẹ̀yin olùkọ́ Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́: kí lẹ fi ń gba iṣẹ́ ọmọ, tí ẹ fi ń ṣírò nóòtì?

Olùkọ́ Wàńdò
Ẹ kú iṣẹ́ o. Díréktọ̀ wa ní kí èmi àti ẹnì kejì mi wá ẹ̀rọ kan tí gbogbo olùkọ́ kọ́lẹ́jì wa yóò jọ máa lò. Ibẹ̀ la ó ti máa fún ọmọ ní iṣẹ́ ilé, ibẹ̀ ni yóò ti dá a padà, ibẹ̀ la ó ti ṣe interro, àwọn ìdánwò kéékèèké, kí nóòtì sì jáde lórí 20 láìjẹ́ pé mo tún jókòó ti kalikulétọ̀ lóru. Ẹnì kan ní Moodle, ẹnì kan ní Google Classroom, ẹnì kẹta ní WhatsApp náà tó. Ẹ̀yin tí ẹ ti lò wọ́n, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí. Mi ò fẹ́ ìpolówó.

Bíìkì Pupa
WhatsApp tó.

Akẹ́kọ̀ọ́ ENS
Ẹ̀gbọ́n Bíìkì Pupa, ẹ má tan ènìyàn jẹ. WhatsApp tó fún ìkíni. Ẹ wo kíláàsì tó kún fọ́fọ́, kí gbogbo wọn ya fọ́tò ìwé wọn ránṣẹ́ sórí fóònù yín lálẹ́ ọjọ́ kan: òmíràn dojú dé, òmíràn àtàǹpàkò ló bo ìdáhùn kẹta, "bonsoir monsieur" láàárín, ẹni tí kò kọ orúkọ, ẹni tó fi fọ́tò àbúrò rẹ̀ ránṣẹ́. Èmi lo Classroom nígbà tí mò ń ṣe stage, tí mò ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ níléèwé kan. Ó máa ń ya àwọn tó ti dá iṣẹ́ padà sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí kò tíì dá a padà, ó sì ń kọ ọ́ sí ara ti ẹni tó pẹ́ pé ó pẹ́. Kò sí "mo ti fi ránṣẹ́ lánàá, monsieur" mọ́.

Olùkọ́ Wàńdò
Nóòtì rẹ̀ ńkọ́? Ṣé lórí 20 ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ ENS
100 ló máa ń gbé wá fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè yí i sí 20 fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Moyenne, ìpíndọ́gba nóòtì, ló gba ọgbọ́n. Níbi tí mo ti ṣe stage, wọ́n ń kó gbogbo interro pọ̀ di nóòtì kan, wọ́n á fi devoir (ìdánwò ńlá) méjèèjì kún un, wọ́n á pín in sí mẹ́ta. Classroom gbà kí ẹ pín iṣẹ́ sí ìsọ̀rí, kí ẹ fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀, ṣùgbọ́n àpapọ̀ ìwọ̀n gbọ́dọ̀ jẹ́ 100. Mo bá fi 33 fún interro, 33 fún devoir kìíní, 34 fún ìkejì.

Ọmọ Aláketu
Haa! Ẹni tí ibà bá mú lọ́jọ́ devoir kejì ti gbé nìyẹn 😂

Pròf Físíìsì
Moodle kò ní wàhálà yẹn. Ẹ wọ inú carnet de notes (ìwé nóòtì rẹ̀), ẹ dá ìsọ̀rí kan sílẹ̀ fún interro kó máa ṣe moyenne tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ to devoir méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ yan moyenne pondérée (ìpíndọ́gba oníwọ̀n), kí ẹ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní 1, 1, 1. Ẹ fi 20 sí note maximale. Ó tán. Martin Dougiamas ọmọ Ọsirélíà ló bẹ̀rẹ̀ Moodle, ọdún 2002 ni àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde, ọ̀fẹ́ sì ni títí dòní. Ẹnikẹ́ni lè gbé e sórí sáfà tirẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí Moodle yóò ti máa ṣiṣẹ́.

Bíìkì Pupa
Ọ̀fẹ́! Sáfà náà ńkọ́, ọ̀fẹ́ ni? Ẹni tí yóò dìde lóru nígbà tó bá dákú, ọ̀fẹ́ ni?

Pròf Físíìsì
Ẹ ò parọ́. Níléèwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé. Ó rí iṣẹ́ sí Kútọnu. Títí trimestre fi parí, ìpè la fi ń lépa rẹ̀.

Ìyá Aláṣọ
Èmi kì í ṣe olùkọ́ o, aṣọ ni mò ń tà ní Wàńdò, àbúrò mi ló fi ọ̀rọ̀ yín hàn mí. Fóònù kan ló wà nílé wa tó ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, èmi ni mo ni ín. Ọmọ mi wà ní quatrième. Wọ́n ní quiz yóò ti ìlẹ̀kùn ní aago mẹ́jọ alẹ́. Aago méje kọjá díẹ̀, oníbàárà mi láti Ìdí-Ìrókò ń pè. Ọmọ ò jẹ́ kí n gbé e. Ó ní, "Màmá, bí ẹ bá gbé e, ó lè já, aago sì ń kà." Mo jókòó tì í, mò ń wo nọ́ńbà oníbàárà tó ń tàn, tó ń kú, tó tún tàn. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ dákun, ṣé aago tí aláṣọ ń ṣírò owó lẹ mú fún devoir?

Ọmọ Aláketu
Ṣé oníbàárà náà padà rà?

Ìyá Aláṣọ
Ó rà. Lọ́wọ́ ìyekan mi tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Ọmọ gba 17. Mi ò tíì mọ ẹni tí mo fẹ́ bínú sí.

Olùkọ́ Wàńdò
Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kú ìfaradà.

Ṣábẹ̀ẹ́ Etí Ọ̀pàrà
Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín nìyí kí ẹ tó máa jà sí Moodle àti Classroom: ta ló ni fóònù? Tiwa nílùú kékeré, bàbá ni. Bàbá sì ti gbé e lọ sóko.

Akẹ́kọ̀ọ́ ENS
Ìyá wa, olùkọ́ ló fi aago há yín mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ kò jẹ̀bi. Ó yẹ kó ṣí quiz láti ọ̀sán Jímọ̀ títí di alẹ́ Àìkú, kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ọmọ ní bẹ̀rẹ̀ sí í kà ìgbà tí ọmọ fúnra rẹ̀ bá tẹ "commencer". Ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ tí ìlẹ̀kùn fi wà ní ṣíṣí, ọ̀tọ̀ ni ìṣẹ́jú tí ọmọ ní nínú ilé. Moodle ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Bíìkì Pupa
Kí ẹni tó ṣe é ní Jímọ̀ lè ta ìdáhùn fún ẹni tí yóò ṣe é ní Àìkú.

Pròf Físíìsì
Banque de questions, àká ìbéèrè. Ẹ kọ ìbéèrè ogójì síbẹ̀, kí ó máa ṣa mẹ́wàá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Nínú físíìsì àti máàtì, ẹ lo ìbéèrè calculée: ọkọ̀ ti ọmọ yìí ń sáré 12 m/s, ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sáré 15, olúkúlùkù pẹ̀lú ìdáhùn tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe èrú yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é kó tó lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, èmi ò sì bínú sí ìyẹn.

Bíìkì Pupa
Ogójì ìbéèrè! Ìgbà wo ni mo fẹ́ kọ ọ́? Ṣé lórí owó oṣù yìí náà?

Ọmọ Aláketu
Ẹ fi físíìsì sílẹ̀, ẹ wá gbọ́ tèmi. Mò ń kọ́ àwọn àgbàlagbà àti ọ̀dọ́ ní kíkà àti kíkọ Yorùbá níbí ní Kétu. Mo ṣe quiz kan lórí ẹ̀rọ kan tí mi ò ní dárúkọ, ìdáhùn kúkúrú, kí ẹ̀rọ máa fún wọn ní nóòtì fúnra rẹ̀. Ìbéèrè kìíní: àwòrán ewúrẹ́, kọ orúkọ rẹ̀. Àwọn tó fi álífábẹ́ẹ̀tì Bẹ̀nẹ̀ kàwé kọ "ewúrɛ́". Àwọn tí ìwé wọn ti ọ̀nà Ìmẹ̀kọ wá kọ "ewúrẹ́". Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò ní àmì kọ "ewure". Ìyá kan kọ "ewúrẹ́ ni". Ẹ̀rọ ní àwọn tó kọ tiwọn bí mo ṣe kọ tèmi gẹ́lẹ́ ló gbà á, gbogbo ìyókù òdo. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ti ń sin ewúrẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Ó rí òdo rẹ̀ pẹ̀lú àmì pupa, ó gbé fóònù wá sí iwájú mi, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí wá ni mo so mọ́ ẹ̀yìnkùlé?"

Ìyá Aláṣọ
😂😂😂 Ẹ fún bàbá ní 20!

Akẹ́kọ̀ọ́ ENS
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi nínú zem.

Bíìkì Pupa
Ìtàn yìí dùn jù. O ti fi iyọ̀ sí i.

Ọmọ Aláketu
Ẹ wá sí Kétu, máa mú yín lọ bá bàbá. Ẹ mú obì dání, inú rẹ̀ kò tíì rọ̀.

Ṣábẹ̀ẹ́ Etí Ọ̀pàrà
Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ ɛ ló tọ̀nà. Bẹ̀nẹ̀ la wà. ɛ àti ɔ ni ìjọba wa fi ń kọ èdè wa, a sì ń fi sh kọ ohun tí wọ́n ń fi ṣ kọ lọ́hùn-ún, a ń fi kp kọ p. Kí ló dé tí ìdáhùn olùkọ́ ará Kétu fi jẹ́ ti Nàìjíríà?

Pròf Físíìsì
Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà wo ohun tí ẹ kọ lókè yìí. Gbogbo rẹ̀ ẹ ni, ṣ ni.

Ṣábẹ̀ẹ́ Etí Ọ̀pàrà
Bọ́tìnì tó wà lórí fóònù mi nìyẹn! Ẹni tó ṣe fóònù kò bi mí.

Olùkọ́ Wàńdò
Ìwé tó pọ̀ jù lọ́jà, Bíbélì pẹ̀lú, láti Nàìjíríà ló ti ń wá. Ẹni tó fi ìyẹn kọ́ ìwé kíkà, ṣé kí á fún un ní òdo? Èmi ò ní fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ ENS
Ẹ̀rọ kò mọ ìjọba, kò mọ Bíbélì. ɛ àti ẹ, lẹ́tà méjì ni lójú tirẹ̀. Kódà ẹ́ nìkan, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ ju ẹyọ kan lọ: e, kí wọ́n fi àmì ìsàlẹ̀ kún un, kí wọ́n fi ti òkè kún un; tàbí ẹ odindi, kí wọ́n fi ti òkè nìkan lé e. Ojú wa rí nǹkan kan náà, ẹ̀rọ rí ìlà nọ́ńbà tó yàtọ̀. Moodle máa ń sọ wọ́n di ọ̀kan kó tó fi ìdáhùn wé ìdáhùn, ṣùgbọ́n kò lè sọ ɛ di ẹ, ẹ̀yin lẹ ó kọ méjèèjì sílẹ̀ fún un.

Pròf Físíìsì
Bẹ́ẹ̀ ni. Nínú réponse courte ti Moodle, ẹ kọ gbogbo ọ̀nà tí ẹ gbà: ewúrɛ́ 100%, ewúrẹ́ 100%, ewure 50%. Àmì ìràwọ̀ * dúró fún ohunkóhun tó bá tẹ̀ lé e, nítorí náà "ewúrẹ́*" yóò gba ìyá tó kọ "ewúrẹ́ ni" wọlé.

Ọmọ Aláketu
50% fún ẹni tí kò fi àmì sí i? Ó pọ̀ jù! Ẹni tí kò fi àmì sí i kò kọ Yorùbá.

Bíìkì Pupa
Nígbà náà ẹ fún gbogbo ẹni tó ń kọ Yorùbá lórí Facebook ní 0.

Ìyá Aláṣọ
Èmi náà kì í fi àmì sí tèmi, àbúrò mi ló ń bá mi tẹ èyí. Gbogbo oníbàárà mi ló ń yé.

Akẹ́kọ̀ọ́ ENS
Kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ fún wa níbí o, mo bẹ̀ yín.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ Lókè Òkun
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ní Kánádà tí mo wà, Canvas la ń lò. Ohun tí wọ́n ń pè ní SpeedGrader ló wù mí jù: iṣẹ́ ọmọ lápá kan, nóòtì àti ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá a sọ lápá kejì, mo tẹ ọfà, ti ọmọ tó kàn ti dé. Mo lè gba ohùn mi sílẹ̀ dípò kí n kọ ọ̀rọ̀.

Ọmọ Aláketu
Iná ńkọ́ níbẹ̀?

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ Lókè Òkun
Iná kì í sábà lọ.

Bíìkì Pupa
Ẹ kú ìgbádùn. Ó dàárọ̀.

Ṣábẹ̀ẹ́ Etí Ọ̀pàrà
Ó dára, ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa, kò nílò iná tó pọ̀. MoodleBox la ń lò. Kọ̀ǹpútà Raspberry Pi ni, ó kéré débi pé ó wọ àpò ṣòkòtò, wọ́n ti gbé Moodle lé e lórí, ó sì ń ta Wi-Fi tirẹ̀ jáde. Íntánẹ́ẹ̀tì kò sí níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń ra forfait (dátà). Batiri tí wọ́n fi ń gba iná sí fóònù ló ń gbé e. Mo gbé e sórí tábìlì, àwọn ọmọ so fóònù àti tablette mọ́ ọn, wọ́n ṣe interro nínú kíláàsì, nóòtì dé. Ìdíwọ́ rẹ̀ ni pé kò lè gba gbogbo kíláàsì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni mo ń mú wọn. Àwọn tó kù ń fi ìwé ṣe tiwọn. Mi ò fi devoir gidi síbẹ̀ rí, interro nìkan. Bí ó bá sọnù, bí ó bá jóná, mi ò fẹ́ kí òbí kankan wá dúró sẹ́nu ọ̀nà mi.

Bíìkì Pupa
Ẹni àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀ tó wọ̀ mí létí lónìí.

Olùkọ́ Wàńdò
Áàpù Moodle tí wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ ENS
Ó ń ṣe é, bí olùkọ́ bá gbà á láàyè nínú ètò quiz. Ọmọ á gbé quiz sílẹ̀ sórí fóònù, á ṣe é nílé, á fi ránṣẹ́ nígbà tó bá rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi ìṣẹ́jú dí i, kò gbà á mọ́.

Pròf Físíìsì
Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ máa gbé nóòtì jáde sọ́dọ̀ ara yín. Edmodo tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń lò káàkiri ayé, wọ́n tì í pa ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Bí ẹ bá sì ń gbé CSV (fáìlì nóòtì tí àmì kan ń ya òpó rẹ̀ sọ́tọ̀) jáde fún Excel tí ètò rẹ̀ jẹ́ ti Faransé, point-virgule (;) ni kí ẹ yàn láti fi ya òpó sọ́tọ̀. Bí ẹ bá fi virgule (,) sílẹ̀, gbogbo orúkọ àti nóòtì yóò kó sí òpó kan ṣoṣo.

Ọmọ Aláketu
Ẹ tún padà sórí ọ̀rọ̀ wa: ta ló fi sh kọ orúkọ ìlú ara rẹ̀ rí nínú yín? Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, "Shábɛ̀ɛ́" lẹ ń kọ ni?

Ṣábẹ̀ẹ́ Etí Ọ̀pàrà
"Savè" ló wà lórí káàdì ìdánimọ̀ mi. Má fi ọwọ́ kan egbò.

Olùkọ́ Wàńdò
Ohun tí mo fẹ́ gbé lọ bá díréktọ̀ ti yé mi: devoir lórí ìwé, interro lórí Moodle nínú ọgbà iléèwé, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ di fóònù ìyá mú nílé. Ẹ̀gbọ́n Ṣábẹ̀ẹ́, àpótí yín yẹn, káàdì ìrántí 32 Go tó fún un?

Ṣábẹ̀ẹ́ Etí Ọ̀pàrà
Ó tó, bí ẹ ò bá kó fídíò síbẹ̀. Ẹ má ra ti ẹ̀bá títì o, káàdì ayédèrú ló pọ̀ níbẹ̀. Kí ẹ sì máa ṣe sauvegarde (ẹ̀dà ìpamọ́) sórí kọ̀ǹpútà mìíràn kí ẹ tó pa á ní Jímọ̀. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ pè mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ ọjà.