Ẹ gbà mí o: ọkọ̀ mi ń kú lójú ọ̀nà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin rìwáyà àti mẹkáníìkì. Ọkọ̀ mi, ti ọdún 2010, máa ń ṣàdédé kú bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Tó bá tutù, á tún sítáàtì. Skánà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ àìsàn ọkọ̀ wò, gbé kóòdù U0100 jáde, ìyẹn ni pé brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, kò dáhùn. Ẹni méjì ti ní kí n pààrọ̀ ẹ̀. Owó ńlá nìyẹn, ẹ̀rù sì ń bà mí, torí kò sẹ́ni tó yẹ wáyà wò nínú wọn. Mo tú bátìrì, mo fi mítà wọn wáyà tí àwọn kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, láàárín ihò 6 àti ihò 14 níbi tí wọ́n ń ki skánà bọ̀: 120 ohm (ìwọ̀n ìdènà iná) ló gbé, dípò 60 tó yẹ kó jẹ́. Ṣé wáyà ló já, àbí brain box gan-an? Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ọkọ̀ yìí ni mo fi ń gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé, ẹ jọ̀ọ́.