Gààrí Ìjẹ̀bú lọ sí Amẹ́ríkà: ta ni FSVP já lé lórí?

Ẹ ǹlẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Igbó la ti ń yan gààrí. Ìwé NEPC, àjọ tó ń rí sí títa ọjà Nàìjíríà sókè òkun, àti ti NAFDAC ti wà nílẹ̀. A ti forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, a sì ní aṣojú ní Amẹ́ríkà bí òfin wọn ṣe ní. FSVP ló dá wa dúró, ìyẹn ètò tí ẹni tó ń kó oúnjẹ wọ Amẹ́ríkà fi ń yẹ ẹni tó ń tà á fún un wò. Oníbàárà wa ní Houston ní òun kàn ń rajà ni, pé àwa ni ká ṣe é. Agẹ́ńtì tó ń bá wa kẹ́rù ní irọ́ ni. Èmi gan-an gbà pé ẹni tó lẹ́rù ní Amẹ́ríkà ni iṣẹ́ FSVP já lé lórí. Gààrí sì ti wà nínú àpò!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí: bí oníbàárà bá yarí, ṣé aṣojú wa lè fọwọ́ sí i pé òun ló ń gbà á wọlé? Àkọsílẹ̀ wo nípa ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ fi kan àti bí a ṣe yan án ni wọ́n máa bi wá?