Fáíbírọ́ìdì tó ń fara wé jẹjẹrẹ ilé ẹyin: ohun tí à ń bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́

Onískáànù

Fáíbírọ́ìdì (kókó ilé ọmọ tí kì í ṣe jẹjẹrẹ) tó jókòó sínú ògiri ilé ọmọ kì í dààmú ẹni tó mọ iṣẹ́. Èyí tó ń tanni jẹ ni èyí tó yọ síta ilé ọmọ, tó ní ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́, tó wá rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bíi máńgòrò lórí igi. Ibi tí ilé ẹyin ń gbé gan-an ló ń lọ sùn sí. Bó bá tún tóbi débi pé ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ọrùn yẹn wá kò tó o mọ́, àárín rẹ̀ á kú, á rọ̀, á kún fún omi. Ohun tó yẹ kó le, kó sì dúdú lójú skáànù á wá di yàrá-yàrá omi tí ẹran wà láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni jẹjẹrẹ ilé ẹyin ṣe máa ń rí.

Kí ẹ tó wọn kókó náà rárá, ẹ kọ́kọ́ wá ilé ẹyin méjèèjì. Bí tọ̀tún àti tòsì bá hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọn kò sì lẹ̀ mọ́ kókó náà, ó ṣòro kó jẹ́ ibẹ̀ ló ti wá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tan Doppler aláwọ̀ (apá skáànù tó ń fi àwọ̀ hàn ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà), kí ẹ wo àárín ilé ọmọ àti kókó náà. Fáíbírọ́ìdì máa ń gba ẹ̀jẹ̀ lọ́dọ̀ ilé ọmọ, torí náà ẹ ó rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń sọdá láti ibẹ̀ wọ inú kókó. Bó bá jẹ́ skáànù ojú ara lẹ ń ṣe, ẹ rọra fi ẹ̀rọ ti kókó náà, kí ọwọ́ kejì wà lórí ikùn: ṣé òun àti ilé ọmọ jọ ń mì ni, àbí wọ́n ń yọ̀ kọjá lára ara wọn?

Ibi tí èyí ti máa ń kùnà ni ara ìyá tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró. Ilé ẹyin rẹ̀ ti sún kì, ó lè má hàn, àìhàn rẹ̀ kò sì túmọ̀ sí pé ó ti di kókó. Kókó tó ga ju ìdodo lọ náà ń fẹ́ skáànù méjèèjì: ti orí ikùn pẹ̀lú ìtọ̀ tó kún, lẹ́yìn náà ti ojú ara nígbà tí aláìsàn bá ti tọ̀. Èsì tó kàn kọ "pelvic mass" (kókó ní ìsàlẹ̀ ikùn) láìsọ bóyá a rí ilé ẹyin kò tíì tó. Ẹ dá a padà, kí wọ́n fi ìyẹn kún un.

Dókítà àìsàn obìnrin

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹ̀jẹ̀ kún un, torí èsì CA-125, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a ń ṣe bí a bá fura sí jẹjẹrẹ ilé ẹyin, ni ìdílé púpọ̀ ń gbé wá pẹ̀lú omijé. Ìwọ̀n tí a kà sí déédéé kì í kọjá 35. Àmọ́ fáíbírọ́ìdì lè gbé e ga, endometriosis (ara inú ilé ọmọ tó ń hù síta rẹ̀) lè gbé e ga, bẹ́ẹ̀ náà ni oyún, nǹkan oṣù tó wà lára lọ́jọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, àìsàn ẹ̀dọ̀, àti ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ inú ikùn. Ti ikọ́ ẹ̀gbẹ yìí, ẹ má fojú di í nílẹ̀ wa: ó ń fa omi ikùn, ó ń mú èèyàn rù, ó sì ń gbé CA-125 ga gan-an. Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, jẹjẹrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè wà kí nọ́ńbà náà má ga rárá.

Ìṣirò tí a ń pè ní RMI, tó ń wọn bó ṣe ṣeé ṣe tó kí kókó ilé ẹyin jẹ́ jẹjẹrẹ, ni ọ̀pọ̀ dókítà ń lò. Skáànù ní àmì márùn-ún: yàrá-yàrá omi, ẹran líle, kókó lọ́tùn-ún àti lósì, omi ikùn, àti àmì pé ó ti tàn ká. Bí kò bá sí ọ̀kan, 0. Bí ọ̀kan bá wà, 1. Méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 3. Ẹni tó ṣì ń rí nǹkan oṣù, 1; ẹni tí tirẹ̀ ti dúró, 3. Ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀ pẹ̀lú CA-125. Ká ní obìnrin ẹni ọdún 43, tó ṣì ń rí nǹkan oṣù, ní yàrá omi àti ẹran líle, CA-125 rẹ̀ sì jẹ́ 90: 3 × 1 × 90, ó di 270. Ó ti kọjá 200, ó yẹ kó lọ sọ́dọ̀ dókítà tó mọ iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ. Síbẹ̀ fáíbírọ́ìdì tó ti rọ̀ nínú lè fún wa ní 270 yìí kan náà, torí ìṣirò náà ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ilé ẹyin ni kókó ti wá.

Bí ohun tí skáànù fi hàn kò bá yéni, tí owó sì wà, MRI (ẹ̀rọ òòfà tó ń ya àwòrán inú ara) ló máa ń là á. Fáíbírọ́ìdì tí kò tíì rọ̀ máa ń dúdú ní àwòrán T2 (ọ̀kan lára irú àwòrán tí MRI ń yà), ọrùn rẹ̀ sì lè hàn. Omi ikùn àti omi àyíká ẹ̀dọ̀fóró pàápàá kò fi dandan jẹ́ jẹjẹrẹ. Fáíbírọ́ìdì lè fa méjèèjì, wọ́n sì máa ń gbẹ lẹ́yìn tí a bá yọ ọ́.

Ohun kan ni mo bẹ̀ yín: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún kókó tí a fura sí yìí lábẹ́rẹ́ láti fa omi inú rẹ̀. Bó bá lọ jẹ́ jẹjẹrẹ ilé ẹyin tó ṣì wà lójú kan, abẹ́rẹ́ yẹn lè da sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sínú ikùn.

Nọ́ọ̀sì tíátà

Kí aláìsàn tó fọwọ́ sí ìwé, kó ti gbọ́ ohun méjèèjì: ohun tí a ó ṣe bó bá jẹ́ fáíbírọ́ìdì, àti ohun tí a ó ṣe bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀. Níbi tí iyèméjì bá wà, gígé láti òkè dé ìsàlẹ̀ ló dára ju gígé kékeré ti bíkíní lọ, kí dókítà lè rí gbogbo ikùn, kó sì yọ kókó náà ní odidi. A ń fọ ikùn, a ń gba omi rẹ̀ fún àyẹ̀wò kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kókó. Ẹ̀rọ tó ń lọ fáíbírọ́ìdì sí wẹ́wẹ́ nínú ikùn kò ní iṣẹ́ kankan níbí. FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ lórí rẹ̀ lọ́dún 2014, torí jẹjẹrẹ tó fara pamọ́ lè tàn ká.

Onímọ̀ àyẹ̀wò ẹran ara

Ẹbí ló sábà ń gbé ẹran tí wọ́n gé wá sọ́dọ̀ wa, ibẹ̀ sì ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Inú fórmálìn 10%, omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, ni kí ó wà, kí fórmálìn náà tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran. Omi lásán tàbí omi iyọ̀ kò ṣiṣẹ́. Nǹkan bíi mìlímítà 1 ni fórmálìn ń wọlé ní wákàtí kan, nítorí náà kókó ńlá tí wọn kò là máa ń jẹrà nínú kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, apá tó rọ̀ tí a fẹ́ wò gan-an ló sì kọ́kọ́ ń lọ. Kí dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ là á. Ẹ̀yin ẹbí, ẹ má là á.

Bí èsì bá jáde, "leiomyoma" ni fáíbírọ́ìdì. Bí "cystic degeneration" tàbí "hyaline degeneration" bá tẹ̀ lé e, ìyẹn ṣàlàyé bó ṣe rọ̀ nínú, kò sì sí jẹjẹrẹ níbẹ̀. "STUMP" túmọ̀ sí pé a kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe jẹjẹrẹ, kí obìnrin náà máa wá fún àyẹ̀wò fún ọdún mélòó kan. "Leiomyosarcoma" ni jẹjẹrẹ, ó sì ń fẹ́ dókítà jẹjẹrẹ kíákíá. Bí èsì bá ta ko ohun tí skáànù àti dókítà rí, ẹ béèrè fún àwọn búlọ́ọ̀kù (ẹran tí wọ́n fi ìda dì) àti sláìdì (gíláàsì tí wọ́n fi ẹran náà sí láti wò ó) yín, kí ilé àyẹ̀wò mìíràn tún un wò. Ẹ̀tọ́ yín ni.