Ọgbà igi ẹ̀yìnkùlé wa ti digbó, kí ni ká fi gé e?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ̀ ní Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín, hedge ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ìyẹn igi tí wọ́n gbìn tò bí ọgbà, ti ga ju ọkọ mi lọ, ó sì ti ya bo ọ̀nà. Hedge trimmer, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irú igi bẹ́ẹ̀, èwo ló dáa kí n rà?

— Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ẹ má tíì náwó o. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fọwọ́ ya ewé iwájú, kí ẹ wo ẹ̀ka tó wà nínú lọ́hùn-ún. Bí ẹ̀ka bá ṣe nípọn tó lẹ máa fi mọ irinṣẹ́ tó yẹ. Ẹ̀ka tó tó ìka ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ trimmer lè gé, bíi mìlímítà 15 sí 20. Tó bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, á há sí i léyín, mọ́tò á kàn máa kùn. Tèmi ò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lára igi àgbà tí eyín rẹ̀ méjì fi tẹ̀.

Loppers ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, àlùmọ́gàjí ọlọ́wọ́ gígùn yẹn. Ó ń gé ẹ̀ka tó tó àtàǹpàkò. Èyí tó bá tó ọrùn ọwọ́, ayùn kékeré tó ṣeé ká ni kí ẹ fi gé e; fífà ló fi ń gé, ẹ má fipá tì í. Tí inú bá ti mọ́ tán, ẹ wá fi trimmer oníbátìrì tẹ́ ojú rẹ̀. Oníwáyà ò wù mí, kì í pẹ́ gé wáyà ara rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo àdá. Ńṣe ló máa ń fa ẹ̀ka ya, ẹ ò sì gbọdọ̀ máa gbé e kiri ìgboro níbí.

Igi wo gan-an ni? Tó bá jẹ́ Leylandii, irú igi hedge kan, tí ẹ bá gé e wọ ibi tí kò sí ewé tútù mọ́, kì í rúwé padà.

— Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Ewé rẹ̀ kéékèèké, ó ń dán, òdòdó funfun wà lára rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

— Ó jọ privet, irú igi hedge mìíràn. Ìyẹn ò ṣòro, ẹ gé e wọnú dáadáa, á rúwé. Ẹ̀gbẹ́ kan lọ́dún yìí, ìkejì lọ́dún tó ń bọ̀, kó lè lágbára. Oṣù kejì ló dáa, torí láti oṣù kẹta títí dé ìkẹjọ ni ẹyẹ sábà ń yé sínú rẹ̀, òfin ọdún 1981 sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ba ìtẹ́ tí ẹyẹ ń lò jẹ́. Loppers tèmi wà nílé, ẹ wá mú un lọ́jọ́ Sátidé.