Kí ni a ń san owó fún nínú àyẹ̀wò iye kòkòrò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B?

Ìyá Ìbejì Ìjápọ̀ (Àkúrẹ́):
Mo kí gbogbo yín. Ọkọ mi fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ta àbúrò rẹ̀ lọ́rẹ ní ilé ìwòsàn kan níbí, ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò ni a ti gbọ́ pé ó ní kòkòrò àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ oríṣi B, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ sì le, kò sí ohun tó ń dùn ún. Dókítà ní kí a ṣe àyẹ̀wò mẹ́ta. A ti san owó méjì, ìyẹn èyí tó ń wo bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ sí àti èyí tí wọ́n ń pè ní profile, tó ń wo oríṣiríṣi àmì kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀kẹta, viral load, ìyẹn àyẹ̀wò iye kòkòrò, ni apá wa kò ká. Lábù kan ní Aláàgbàkà ní 62,000 náírà ni, òmíràn tí kò jìnnà sí i ní 85,000, àwọn méjèèjì sì sọ pé Èkó ni wọn yóò gbé ẹ̀jẹ̀ náà lọ. Káfíńtà ni ọkọ mi, ẹ̀wà àti gààrí ni èmi ń tà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni owó yìí wà fún, kí ló dé tí lábù méjì fi yàtọ̀ tó báyìí, ṣé dandan sì ni kí a ṣe é nísinsìnyí?

Aṣiṣẹ́ Lábù, Òǹdó:
Ẹ kú ìtọ́jú baálé yín, màmá. Àyẹ̀wò tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún wọn, pélébé kékeré ni wọ́n fi ń ṣe é, bí èyí tí àwọn obìnrin fi ń mọ̀ bóyá oyún wà, kò sì lè sọ ju pé kòkòrò wà tàbí kò sí. Viral load ní tirẹ̀ ń ka iye kòkòrò náà. Ẹ̀rọ PCR ni wọ́n fi ń ṣe é: yóò sọ àbùdá kòkòrò náà di méjì, méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́jọ, títí yóò fi pọ̀ débi tí ẹ̀rọ yóò lè kà á. Òkè òkun ni èròjà rẹ̀ ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Ní 2024, ó ti kọjá 1,500.

Ohun kan tún wà tí aláìsàn kì í rí. Nígbàkígbà tí a bá fẹ́ lo ẹ̀rọ náà, a gbọ́dọ̀ fi èyí tí a ti mọ̀ pé ó ní kòkòrò àti èyí tí a mọ̀ pé kò ní sí i, kí a lè mọ̀ pé òótọ́ ni ẹ̀rọ ń sọ. Owó ìyẹn kì í dín kù. Bí ènìyàn mẹ́ta péré ló wà nílẹ̀, àwọn mẹ́ta ni yóò pín in san. Bí wọ́n bá tó ogójì, ó fúyẹ́ fún olúkúlùkù. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ lábù kéékèèké fi ń kó ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí Èkó tàbí Ìbàdàn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya omi rẹ̀ kúrò lára pupa rẹ̀, tí wọ́n sì gbé e sínú yìnyín. Nítorí náà, ẹ bi àwọn méjèèjì léèrè lábù tó ń ṣe é gan-an. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibì kan náà, kí ìyàtọ̀ 23,000 náírà yẹn sì jẹ́ owó ọkọ̀ àti èrè alágbàtà.

Ẹ̀rọ GeneXpert tí àwọn ilé ìwòsàn fi ń wá ikọ́ ife náà ní katiríìjì tirẹ̀ (ike kékeré tí wọ́n ń da ẹ̀jẹ̀ sí, tí wọ́n sì ń kì bọ inú ẹ̀rọ) fún àyẹ̀wò yìí, ẹnì kan sì ni katiríìjì kan wà fún, kò ní dúró de èrò. Ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn UNIMED àti ní FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀, bóyá wọ́n ń lò ó fún jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀.

Ọmọ Olóyèmẹkùn:
Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àìsàn yìí gbé, mo sì fẹ́ kí ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Lábù kan gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n pè mí lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án pé ó ti bàjẹ́ lọ́nà, wọ́n sì fẹ́ kí n tún san owó mìíràn. Inú mi bàjẹ́ gidigidi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sára rìsíìtì pé bí ẹ̀jẹ̀ bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn, ọ̀fẹ́ ni wọn yóò gba òmíràn. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe kọ èsì: òṣùwọ̀n méjì ni wọ́n fi ń ka kòkòrò, IU ni àwọn kan ń lò, copies ni àwọn mìíràn, IU kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó copies márùn-ún. Èmi kò mọ̀, mo rò pé kòkòrò ti pọ̀ sí i ní ìlọ́po márùn-ún lára mi, n kò sùn fún ọjọ́ méjì.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Òkè-Àró:
Ìbéèrè yín kẹta ni mo fẹ́ dáhùn, màmá. Àyẹ̀wò náà wúlò, n kò ní kí ẹ má ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2024, wọ́n mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní rí i ṣe, wọ́n sì sọ pé bí ALT (èròjà inú ẹ̀dọ̀ tó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bí nǹkan bá ń ṣe ẹ̀dọ̀) bá ń ga léraléra níbi tí kò ti sí ọ̀nà láti ṣe viral load, dókítà lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Fún ọkùnrin, ALT tó bá ju 30 lọ ni wọ́n kà sí èyí tó ga. Fún obìnrin, 19. Ìṣirò kan tún wà tí wọ́n ń pè ní APRI, tó ń fi hàn bóyá ẹ̀dọ̀ ti ń ní àpá; AST (èròjà mìíràn bíi ALT) àti platelet (ohun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì) ni wọ́n fi ń ṣe é, owó rẹ̀ kò sì ga. Bí ó bá ju 0.5 lọ, ìtọ́jú yẹ. AST àti ALT wà nínú ìwé iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ tí ẹ ti san owó rẹ̀. Ẹ gbé e padà lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì sọ fún un láìtijú pé owó kò tíì tó.

Àwọn tó ní HIV ń ṣe viral load tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé àwọn olùrànlọ́wọ́ láti òkè òkun ló ti ń san ọ̀pọ̀ nínú owó rẹ̀. Kò dùn mọ́ mi rárá pé àwọn oníjẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ kò ní irú rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín àti àwọn ìbejì ńkọ́? Ẹ yẹ ara yín wò. Pélébé yẹn ni, kò wọ́n.

Ìyá Ìbejì Ìjápọ̀ (Àkúrẹ́):
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti lọ béèrè: lábù kan náà ní Èkó ni àwọn méjèèjì ń gbé e fún. Ẹni 62,000 gbà láti kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó bá bàjẹ́ sára rìsíìtì. ALT ọkọ mi jẹ́ 27, dókítà sì ní kí a ṣe platelet báyìí, kí a máa kó owó viral load jọ fún oṣù mẹ́ta. Èmi àti àwọn ìbejì ń lọ ní Ọjọ́bọ̀.