Bí a ṣe lè máa kọ̀wé fún òwò wa nílé kí ohùn rẹ̀ má máa yí padà

Ìbéèrè, láti Lọ́ńdọ̀nù

Mo kí gbogbo ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ìdílé wa ní ilé àlejò kan ní Àgbádárìgì, a sì máa ń mú àwọn àlejò tó ń ti òkè òkun bọ̀ yí ìlú ká. Èmi níhìn-ín, àbúrò mi obìnrin ní Houston àti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó wà nílé ni a jọ ń kọ àpilẹ̀kọ tí à ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi ṣàlàyé iṣẹ́ wa. Ẹni tó bá ka mẹ́ta nínú wọn tẹ̀léra yóò rò pé ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló kọ wọ́n. Tèmi le koko, ti àbúrò mi ń polówó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa sì kún fún ẹ̀fẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ nìkan ni à ń kọ ọ́, ọwọ́ kì í sì í sábà dilẹ̀. Báwo ni ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí ṣe ń ṣe tiyín?

Èsì, láti Toronto

Àbúrò, ẹ kú akitiyan. Ohun tí mo rí nínú kíkọ̀wé fún òwò ẹ̀gbọ́n mi ni pé ohùn tí ẹ ń wá kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹnu ẹni tó ń bá àlejò sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ ló wà. Ẹ ní kí amọ̀nà yín fi fóònù gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó bá ń dáhùn ìbéèrè àlejò, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́, kí ẹ tó fọwọ́ kan gbólóhùn kankan. Ẹ óò rí i pé nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Gberefu, erékùṣù tí wọ́n ti ń kó ẹrú wọ ọkọ̀ òkun láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa yára, a sì kún fún ìkìlọ̀: kí àlejò dé fìlà, kí ó mú omi dání, kí ó wọ bàtà tó rọrùn, nítorí ìrìn orí yanrìn títí dé etí òkun kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n bó bá dé àwọn yàrá tí wọ́n ń kó ẹrú sí nínú ọgbà Seriki Abass, oníṣòwò ẹrú ìgbà náà, gbólóhùn rẹ̀ á kúrú, kò ní fi ọ̀rọ̀ ṣe ọ̀ṣọ́, kò sì ní pa ẹ̀fẹ̀. Ènìyàn kan náà ló ń sọ̀rọ̀ níbi méjèèjì, òun sì ni kí ẹ máa fetí sí nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìlànà yín sí ojú ìwé kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà. Ẹ kọ bí ẹ ó ṣe máa pe òǹkàwé síbẹ̀ (ní tèmi, “ẹ̀yin” ni nígbà gbogbo, kódà bó bá jẹ́ ọ̀dọ́), àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ kò ní lò láé, bí ẹ ó ṣe máa kọ orúkọ ibi kọ̀ọ̀kan, àti àwọn ọdún tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí padà. Ibi ọdún yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tó wà létí ọ̀sà ní Àgbádárìgì, 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, 1845 ni wọ́n sì kọ́ ọ tán. Bí àpilẹ̀kọ kan bá mú ọdún ìṣáájú, tí òmíràn sì mú èyí tó kẹ́yìn láìṣàlàyé, òǹkàwé yóò gbà pé ẹ kò mọ ìlú yín. Igi Agia tí wọ́n wàásù ìhìn rere Kristi lábẹ́ rẹ̀ ní 1842 ti wó láti 1959, ohun ìrántí ló wà níbẹ̀ báyìí, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń kọ̀wé bí ẹni pé àlejò yóò jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀. Ẹ má sì ṣe kọ ọ́ bí ẹni pé Yorùbá nìkan ló ni Àgbádárìgì, nítorí àwọn Ògù (tí Yorùbá ń pè ní Ègùn) ni onílé níbẹ̀, èdè wọn ni àlejò yóò sì máa gbọ́ lọ́jà àti ní èbúté.

Ní ti àkókò, ẹ yan ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè tí àlejò ń béèrè lórí WhatsApp ni kí ẹ fi ṣe àkọlé: ṣé ọmọ kékeré lè wọ ọkọ̀ ojú omi, ṣé a lè ti Ìkẹjà wá kí a sì padà lọ́jọ́ kan náà. Ẹnì kan á kọ ọ́, ẹnì kejì á yẹ òótọ́ inú rẹ̀ wò, amọ̀nà á sì kà á sókè. Ibikíbi tí ahọ́n rẹ̀ bá ti kọsẹ̀ ni kí ẹ tún kọ. Ọ̀sẹ̀ méjì kò le jù. Henry Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó tí orúkọ rẹ̀ kò ṣeé yà kúrò lára ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, ló dá ìwé ìròyìn tí wọ́n ń pè ní Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló sì ń jáde, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ni wọ́n fi ń to lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èsì, láti Dublin

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Àǹtí wa láti Toronto, àyàfi níbi kan. Ẹni mẹ́ta kò lè jọ ní àṣẹ ìkẹyìn. Ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa ṣe àtúnṣe ìkẹyìn, kí àwọn yòókù sì gbà fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ óò máa jiyàn lórí ìlànà ojú ìwé kan yẹn lójoojúmọ́. Mo tún fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rọ bíi ChatGPT. Ó wúlò fún títo ọ̀rọ̀ amọ̀nà lẹ́sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí ó kọ odindi àpilẹ̀kọ, ó lè yọ ìkìlọ̀ nípa bàtà àti yanrìn kúrò, kí ó fi “ìlú tó kún fún àṣà àti ìtàn” dí àyè rẹ̀, kí ó sì fi ọdún tí kò sí níbì kankan kún un láìtijú.

Owó ọkọ̀ ojú omi àti owó ìwọlé kò gbọdọ̀ sí nínú àpilẹ̀kọ rárá. Ẹ fi wọ́n sí ojú ìwé kan lọ́tọ̀ tí ẹni tó wà nílé lè tún ṣe nígbàkígbà tí iye bá yí. Àpilẹ̀kọ tó bá sì sọ nípa ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, ẹ kọ oṣù tí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ọ̀nà yẹn.

Olùbéèrè, láti Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ ṣeun gan-an ni. Àbúrò mi ní Houston ni yóò máa ṣe àtúnṣe ìkẹyìn, òun ló ní sùúrù jù. Ó ku méjì: kí ni kí a ṣe sí ẹlẹ́fẹ̀ wa? Àti pé Ògù ló yọ̀ mọ́ amọ̀nà wa lẹ́nu, Yorùbá rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ já gaara.

Èsì, láti Toronto

Ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́fẹ̀ máa kọ nípa oúnjẹ, àgbọn àti ọjà, kí ó má sì fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ẹrú. Amọ̀nà ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó fi Ògù sọ̀rọ̀, kí ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì nínú yín sọ ọ́ di Yorùbá, kí ó sì ka Yorùbá náà fún un kí wọ́n tó túká. Bó bá ní báyẹn kọ́ ni òun sọ, ẹ tún un ṣe lójú ẹsẹ̀.